Orí Kẹfà: Ìrìn-àjò Afẹ́ Lẹ́yìn Afárá

Bí olùkọ́ bá ní kí kíláàsì dárúkọ àwọn ibi tí ó yẹ kí ènìyàn ti lo ìsinmi nílẹ̀ Yúróòpù, ìdáhùn kì í pẹ́ jáde: ààfin ọba, ṣọ́ọ̀ṣì àtayébáyé, odi ìlú tí wọ́n fi òkúta mọ. Bí olùkọ́ kan náà bá wá ní kí wọ́n dárúkọ irú ibi bẹ́ẹ̀ láti Ọ̀yìngbò dé Mushin, kíláàsì á dákẹ́. Kì í ṣe pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ àdúgbò náà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wọn sí, ojoojúmọ́ sì ni wọ́n ń wọ dáńfó gba ibẹ̀ kọjá. Òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé lọ́wọ́ ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́, nítorí wọ́n ti gbà pé ibi àbẹ̀wò gbọ́dọ̀ gbó, kí ó dákẹ́ rọ́rọ́, kí àwọn tó ni ín sì ti kú tipẹ́. Òṣùwọ̀n yẹn ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú orí yìí. Èrò wa ni pé ọjọ́ orí òkúta kọ́ ló ń sọ ibì kan di ibi àbẹ̀wò. Ohun méjì ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ẹ̀rí tí ojú lè rí níbẹ̀ nípa bí àwọn ènìyàn kan ṣe gbé ayé wọn, àti ìpinnu àwọn ènìyàn kan pé ẹ̀rí náà kò ní parun. Bí a bá fi èyí wọn Mainland Èkó, ẹ̀rí pọ̀ níbẹ̀ ju ohun tí àlejò lè rí tán lọ́sẹ̀ kan lọ. Ìpinnu ni kò tíì tó.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé orúkọ náà díẹ̀. Mainland ni gbogbo apá Èkó tí kò sí lórí erékùṣù, ṣùgbọ́n nínú orí yìí, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, Yaba, Sùúrùlérè àti Mushin ni a ní lọ́kàn jù. Títí di òní, àwọn àgbà kan ní àwọn àdúgbò wọ̀nyí máa ń sọ pé àwọn ń lọ sí Èkó nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọjá sí Ìsàlẹ̀ Èkó, bí ẹni pé ibi tí wọ́n ń gbé kì í ṣe Èkó. Gbólóhùn kékeré yẹn gbé ìtàn pamọ́. Ó fi hàn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ka ẹ̀yìn afárá sí ibi tí ènìyàn ń sùn tí ó sì ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń lọ wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dé Yúróòpù fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni a rò pé a ti yá òṣùwọ̀n wa. Ní 1944, àwọn ọmọ ogun Jámánì wó Ìlú Àtijọ́ tó wà ní Warsaw, olú-ìlú Pólándì, palẹ̀. Ilé tí àlejò ń rí níbẹ̀ lónìí, tí ó ń ya fọ́tò rẹ̀ pé ó ti gbó, lẹ́yìn ogun ni àwọn ará ìlú tún un kọ́, tí wọ́n ń wo àwòrán àtijọ́ láti mọ bí fèrèsé àti òrùlé ṣe rí tẹ́lẹ̀. Àwọn Yorùbá ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. UNESCO gba Ìlú Àtijọ́ yẹn sínú àkójọ ohun ìní gbogbo ayé ní 1980, kì í sì ṣe ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ ni wọ́n torí rẹ̀ gbà á. Bí wọ́n ṣe tún un kọ́ ni wọ́n yìn. Ìlú Le Havre ní ilẹ̀ Faransé tilẹ̀ ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ogun kan náà ló fọ́ ọ túútúú. Láàárín 1945 sí 1964, Auguste Perret àti àwọn ayàwòrán ilé tó bá a ṣiṣẹ́ tún àárín ìlú náà kọ́, kọnkéré sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Kò sí ààfin níbẹ̀ tí a lè sọ pé ó ti pé ẹgbẹ̀rún ọdún. Síbẹ̀, ní 2005, UNESCO gba òun náà wọlé. Ní Liverpool, ilé kékeré kan wà ní ojúlé 20, Forthlin Road, láàárín àwọn ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ fún ará ìlú láti máa san owó ilé ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ibẹ̀ ni Paul McCartney, ọ̀kan lára àwọn olórin Beatles, gbé nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ilé olówó ńláńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ra ilé náà ní 1995, àlejò sì ń wọ̀ ọ́ títí di òní láti wo ilé ìdáná tóóró àti yàrá ìgbàlejò tí kò tóbi ju ti ẹnikẹ́ni ní Sùúrùlérè lọ. Nínú àpẹẹrẹ mẹ́ta yìí, ọ̀kan jẹ́ ilé tí wọ́n tún kọ́, ọ̀kan jẹ́ ìlú kọnkéré, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ilé mẹ̀kúnnù. Yúróòpù tí a ń tọ́ka sí ti kúrò níbi òṣùwọ̀n tí a ń rò pé òun ló fún wa.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wọ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rí ti pọ̀ jù. Ní 1867, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì fọ́ ilé àwọn Kìrìsìtẹ́nì níbẹ̀. Ìfọ́ọ̀lé ni àwọn Ẹ̀gbá ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Àwọn tó sá wá sí Èkó ni Gómìnà Glover fún ní ilẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Àdúgbò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ibi tí èrò kàn rọ́ dé ṣáá ti jẹ́ ibùdó àwọn tí ìjà lé, pẹ̀lú òpópónà tí wọ́n là ní tààrà. Lẹ́yìn náà ni rélùwéè dé. Iṣẹ́ ojú irin tó ti Èkó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ní 1896, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901, ọdún kan náà tí Afárá Carter so erékùṣù pọ̀ mọ́ Ìdó. Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni wọ́n gbé ibi àtúnṣe ọkọ̀ sí. Láti ìgbà náà, igbe fèrè ọkọ̀ ló ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ilẹ̀ ti mọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ẹdó àti ọmọ Ìgbò kọ́ iṣẹ́ irin níbẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan, wọ́n sì ń gba owó oṣù lọ́nà tí bàbá wọn kò mọ̀ rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní “iṣẹ́ ìjọba” ti ta gbòǹgbò nínú ìgbésí ayé Yorùbá, ó yẹ kí ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin yìí.

Nínú ọgbà rélùwéè náà ni Jaekel House wà, ilé alájà méjì tí wọ́n kọ́ ní 1898. Ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Orúkọ Francis Jaekel ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ rélùwéè tí ó sì tún kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé. Ilé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ tán kí Legacy, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ilé àtijọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, tó bá àjọ rélùwéè ṣe àdéhùn láti tún un ṣe. Wọ́n kó fọ́tò àti irinṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin síbẹ̀, ó sì di mùsíọ́mù kékeré. A ń rọ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá débẹ̀ kí ó má ṣe wo ilé òyìnbó náà nìkan. Láàárín àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni Michael Imoudu ti dìde, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi kó ipa pàtàkì nínú ìyanṣẹ́lódì gbogboògbò ti 1945, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Òkúdù tí ó sì ju oṣù kan lọ kí ó tó parí. Ọjà ti wọ́n nígbà ogun, owó oṣù kò sì kúrò lójú kan; ohun tí wọ́n bèèrè ni kí ìjọba fi kún un. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn máa ń gbé òmìnira Nàìjíríà ka orí tábìlì ìpàdé ní London. Ọgbà yìí jẹ́rìí pé àwọn tó ń fi gírísì pa ọwọ́ ti kọ́kọ́ fi han ìjọba amúnisìn pé iṣẹ́ lè dúró. Nínú ilé ọba wo ni a ti lè rí ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ ju èyí lọ?

Ẹ̀rí kejì wà nínú bí ilé ṣe tò ní Yaba àti Sùúrùlérè. Ní 1924, àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì pa ènìyàn púpọ̀. Ní 1928, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lagos Executive Development Board láti wó àwọn àdúgbò tó há gádígádí kí wọ́n sì la ilẹ̀ tuntun. Díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó kúrò ni wọ́n ya ilẹ̀ fún ní Yaba. Láti 1955, àjọ kan náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, nítorí òmìnira ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí olú-ìlú dára lójú àlejò. Sùúrùlérè ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ, síbi àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n tò ní ìlà. Ìwé tí Peter Marris kọ ní 1961 lórí àwọn ìdílé wọ̀nyí fi hàn pé ilé tuntun kò mú ayọ̀ wá fún gbogbo wọn. Oníṣòwò pàdánù oníbàárà, owó ọkọ̀ ń gbọ́n owó oúnjẹ lọ, àwọn tó ti ń gbé agbo ilé kan náà pẹ̀lú ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sì túká. Orúkọ Sùúrùlérè, pé sùúrù ló lérè, máa ń dùn létí. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí á gbọ́ ohun mìíràn nínú rẹ̀ pẹ̀lú: ó jọ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ fún ẹni tí wọ́n ti wó ilé rẹ̀. Bí àlejò bá rìn láti àwọn òpópónà tó gún régé nínú ilé ìjọba títí dé ibi tí òpópónà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, níbi tí onílẹ̀ ti ń gé ilẹ̀ tà bí ọjà ṣe gbé e, ó ti rí ìyàtọ̀ ìlú tí ìjọba là àti ìlú tí ará ìlú kọ́ fúnra wọn. Le Havre kò fi ju èyí lọ han ẹnikẹ́ni.

Ibi tí Yúróòpù àti Mainland ti pàdé gan-an ni Ìgànmú. Gbọ̀ngàn Tíátà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí National Theatre, tí wọ́n parí ní 1976, ilé iṣẹ́ kan láti Bùlgáríà ló kọ́ ọ, wọ́n sì mú àpẹẹrẹ rẹ̀ láti ara gbọ̀ngàn àṣà àti eré ìdárayá kan ní Varna, ìlú etí òkun ní Bùlgáríà, tí wọ́n ṣí ní 1968. Àwọn ará Èkó wò ó, wọ́n ní fìlà sọ́jà ni. Orúkọ yẹn kò jìnnà sí òtítọ́, nítorí ìjọba ológun ló kọ́ ọ, owó epo sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Níbẹ̀ ni ayẹyẹ FESTAC ti wáyé, láti ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí di ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé 1977, tí àwọn aláwọ̀ dúdú láti gbogbo ayé kó ijó, orin, eré àti iṣẹ́ ọnà wọn wá. Lẹ́yìn ayẹyẹ náà, gbọ̀ngàn yìí di ibi tí àwọn eléré Yorùbá ti ń gbé fíìmù wọn han èrò nígbà ọdún, tí ìdílé á wọ aṣọ tuntun lọ jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì tàbí ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀. Ní 2024, ìjọba fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ọ́.

Kò tó kí a sọ ìtàn FESTAC ní Ìgànmú kí a sì dúró níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí ayẹyẹ náà parí, ní ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé, àwọn sọ́jà ya bo ilé olórin Fẹlá Aníkúlápó Kútì ní ojúlé 14, Agége Motor Road, ní agbègbè Mushin. Kalakuta ni Fẹlá ń pe ilé náà. Wọ́n dáná sun ún, wọ́n lu àwọn tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé òkè. Ìyá náà, tí ó ti ṣáájú àwọn obìnrin Abẹ́òkúta nínú ìjà owó orí ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú, kú ní ọdún tó tẹ̀lé e. Fẹlá ti kọ̀ láti bá wọn kópa nínú FESTAC, àwọn olórin òkèèrè tó wá sí ayẹyẹ náà sì ń lọ bá a ní Shrine, gbọ̀ngàn orin rẹ̀. Àdúgbò méjì tí kò jìnnà síra wọn ni èyí, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo: ní ọ̀kan, ìjọba ń fi orin aláwọ̀ dúdú yangàn lójú ayé, ní èkejì, ìjọba kan náà ń sun ilé olórin. Ẹni tó bá lo ọjọ́ kan láti dé Ìgànmú àti Mushin yóò lóye Nàìjíríà ti 1977 ju ẹni tó ka ìwé mẹ́ta lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí a má ṣe wo ibi àbẹ̀wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibì kan ló ń ṣe ìtumọ̀ ibòmíràn.

A lè yára kọjá lórí pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè, kì í ṣe pé kò ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ti gbajúmọ̀. Wọ́n kọ́ ọ fún ìdíje gbogbo Áfíríkà tó wáyé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1973. Níbẹ̀ ni Nàìjíríà ti na Algeria ní àmì ayò mẹ́ta sí òdo ní 1980 láti gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gba méjì wọlé, tí Muda Lawal sì gba ẹ̀kẹta. Níbẹ̀ náà ni Samuel Okwaraji ti ṣubú lójú pápá ní ọjọ́ 12 oṣù Ògún 1989, nígbà tí wọ́n ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù, tí kò sì dìde mọ́. Pápá tí orílẹ̀-èdè kan ti yọ̀ tí ó sì ti sunkún báyìí kò nílò ẹnikẹ́ni láti bá a wá ìdí tí ó fi yẹ ní wíwò.

Àtakò àkọ́kọ́ tí a gbọ́dọ̀ dáhùn ni èyí tó le jù: pé kò sí ohun tó kù láti wò. Ilé Kalakuta kò sí mọ́, iná ti jó o. Ẹni tó bá fẹ́ rí aṣọ, bàtà àti yàrá Fẹlá, Ìkẹjà ni yóò lọ, sí ilé tí ó gbé kẹ́yìn, tí wọ́n sọ di mùsíọ́mù ní 2012. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àtakò yìí gbà pé ilé nìkan ni ẹ̀rí, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo orítá Ojú-Ẹlẹ́gbà. Orúkọ náà ń sọ pé ojúbọ Èṣù Ẹlẹ́gbára ló wà níbẹ̀, ojúbọ kékeré kan sì wà níbẹ̀ títí di òní láàárín ariwo ọkọ̀. Èṣù ló ni orítá. Àwọn àgbà tó gbé ojúbọ síbẹ̀ mọ̀ pé ibi tí ọ̀nà ti pàdé ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú. Nígbà tí Fẹlá ń wá àpẹẹrẹ ìdàrúdàpọ̀ fún orin rẹ̀ “Confusion” ní 1975, orítá yìí ló mú. Nígbà tí Wizkid, ọmọ Sùúrùlérè, ń kọrin nípa ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, orúkọ orítá yìí náà ló fi sọ orin rẹ̀. Ojúbọ, orin àti orin mìíràn lórí ibì kan ṣoṣo: kí ni ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní tí èyí kò ní? Iṣẹ́ tó kù ni kí ẹnì kan kọ ọ́ sára pátákó kí ó sì rì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì, kí àlejò lè mọ ohun tí òun ń wò. Ní ti Kalakuta, àwọn ará Warsaw ti fi hàn pé ilé tó ti wó kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀.

Àwọn kan á ní bí a bá ń wá ibi ìṣẹ̀ǹbáyé, Ilé-Ifẹ̀ wà, Òṣogbo wà, Badagry náà wà. Kí ni a ń wá kiri ní Mushin? A kò bá wọn jà lórí iyì àwọn ìlú wọ̀nyí. Ohun tí a kọ̀ ni pé iyì wọn jẹ́ ti ọjọ́ orí nìkan. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọ inú àkójọ UNESCO ní 2005, ọdún kan náà gan-an tí Le Havre wọ̀ ọ́. Igbó náà ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ère ńláńlá tí àlejò ń dúró wò níbẹ̀ ni Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tó di àwòrò, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo ṣe láti nǹkan bí 1957 síwájú, tí wọ́n sì fi símẹ́ǹtì mọ díẹ̀ nínú wọn. Wọ́n kéré lọ́jọ́ orí sí Jaekel House. Ohun tó gba igbó náà là ni pé àwọn kan dúró níwájú àwọn tó fẹ́ gé igi rẹ̀ tà. Ìpinnu náà ni a tún bá pàdé.

Àtakò tó kàn ni ti ìnira: sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀, ooru, àwọn ọmọ ìta, àti ẹ̀rù olè. A kò ní tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Mainland kò rọrùn fún àlejò tí kò ní ẹni tí yóò mú un rìn, ibòmíràn sì wà ní Mushin tí ará ilé kì í gbà lálẹ́. Ṣùgbọ́n ìnira ìrìn ti dín kù lọ́nà tí ọ̀pọ̀ kò tíì ṣàkíyèsí. Láti oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2023 ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti ń rìn láàárín Marina àti Mile 2, ó sì ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ Gbọ̀ngàn Tíátà ní Ìgànmú. Ní 2024, ti aláwọ̀ pupa bẹ̀rẹ̀ láti Agbádò dé Ọ̀yìngbò, ó sì ń dúró ní Mushin àti Yaba. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn á wọkọ̀ ní ibùdó Mobolaji Johnson ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ronú sí èyí dáadáa: ojú irin tí ó bí Mainland òde òní ní 1896 ni ó tún ń la ọ̀nà fún ẹni tó fẹ́ wá wo ìtàn rẹ̀. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ara ohun tí àlejò wá wò.

Àtakò kan wà tí a kò lè fi ọwọ́ kékeré mú, nítorí ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúwàbí ni. Wọ́n ní ènìyàn ń gbé níbi wọ̀nyí, wọ́n ń jìyà níbẹ̀, kò sì yẹ kí a sọ ìyà ọmọlàkejì di ìran wíwò. Mákòókò, lórí ọ̀sà lẹ́bàá Yaba, ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Àwọn apẹja Ẹ̀gùn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Orí omi ni wọ́n kọ́ ilé wọn sí, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń ná ọjà, ẹja yíyan wọn sì ń bọ́ apá púpọ̀ nínú Èkó. Àwọn òyìnbó tó bá débẹ̀ fẹ́ràn láti pè é ní Venice ti Áfíríkà. A rò pé àpèjúwe náà kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní 2012, ìjọba fún àwọn kan níbẹ̀ ní wákàtí méjìléláàádọ́rin láti kó jáde, wọ́n sì wó ilé wọn. Ní 2013, ayàwòrán ilé Kúnlé Adéyẹmí kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń léfòó lórí omi síbẹ̀. Àwòrán rẹ̀ yí gbogbo ayé ká. Ní 2016, ó wó. Ọdún kan náà ni irú rẹ̀ mìíràn gba ẹ̀bùn níbi àfihàn ìmọ̀ ilé kíkọ́ ní Venice gan-an. Ẹ̀bùn dé Venice, àwọn ọmọ Mákòókò kò sì ní ilé ẹ̀kọ́ náà mọ́. Nítorí náà àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dá lẹ́bi ni irú ojú tí a fi ń wò, kì í ṣe wíwò fúnra rẹ̀. Àlejò tó dúró lórí Afárá Third Mainland tí ó ń ya fọ́tò èéfín láti òkè kò bẹ ẹnikẹ́ni wò. Àlejò tó bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀, tó san owó ọkọ̀ fún ọmọ àdúgbò tó ń tukọ̀, tó ra ẹja lọ́wọ́ àwọn ìyá tó yan án, tó sì tọrọ àyè kí ó tó gbé kámẹ́rà sókè, ó ti ṣe ohun tí Yorùbá ń pè ní àbẹ̀wò. Bákan náà ni a gbọ́dọ̀ ṣe ní ọjà Ọ̀yìngbò àti ní Tejúoṣó. Bí a bá sì ní kí a má lọ rárá nítorí pé tálákà ń gbé níbẹ̀, àwọn olówó nìkan ni ìtàn wọn yóò máa rí olùgbọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù, èyí tí í ṣe ti ìpinnu tí a ti ń sọ bọ̀. Àwọn kan rò pé òfin ni yóò ṣe é. Nàìjíríà ní òfin. Ilé Ìlójò, tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ sí Ìta Tinúubú ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ti wà nínú àkójọ ohun ìní orílẹ̀-èdè láti 1956. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2016, wọ́n wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi. Òfin ń bẹ lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ní ti Jaekel House, àwọn tó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ló gbà á là: àwọn ayàwòrán ilé, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n bá onílé sọ̀rọ̀, tí wọ́n kó owó jọ, tí wọ́n sì wá káfíńtà. Iṣẹ́ náà ṣì pọ̀ nílẹ̀. Àwọn ilé òṣìṣẹ́ rélùwéè mìíràn wà nínú ọgbà kan náà tí pákó wọn ti ń jẹrà. Àwọn ilé alájà kan tí òrùlé wọn jẹ́ ti àtijọ́ wà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta tí àwọn ọmọ ọmọ onílé ti ń bá agbowókọ́lé dúnàádúrà lórí wọn. Ní Yaba College of Technology, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, iṣẹ́ ọnà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún ní ilé àfihàn tó ń jẹ́ orúkọ Yusuf Grillo, ayàwòrán tó darí ẹ̀ka náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ ibi tí òun lè bẹ̀rẹ̀ sí, kí ó gbé ìwé àti bírò, kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin dé Ọ̀yìngbò, kí ó sì máa kọ orúkọ òpópónà àti ọdún tí wọ́n kọ sára ilé kọ̀ọ̀kan tí ó bá ṣì dúró.